Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Ń Gbọ́ Èémí Ọmọ Mi

Bàbá mi, Ọ̀gá mi,

Mi ò mọ ibi tí ó yẹ kí n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí. Bí a bá ní ká gbọ́ ti Màámi, ẹ ò sí lọ́nà jíjìn mọ́. Wọ́n ní ẹ ti padà dé, pé ẹ̀yin lẹ wà lórí ibùsùn mi níbí ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, tí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì mọ́ àyà tí ẹ ń sùn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ọmọ náà: "Bàbá, ẹ kú ojúmọ́ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bí ó bá sunkún, wọn á ní Bàbá fẹ́ jẹun. Bí ó bá tọ̀ sára, wọn á bú sẹ́rìn-ín, wọn á ní ojú ò ti Bàbá rárá. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ẹ̀rín náà kì í dé ẹ̀yìn eyín mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún bó ṣe wà nínú mi.

Ọkùnrin ni mo bí. Ẹ ti lọ kí ó tó dé, òun náà ò sì jẹ́ kí oṣù rẹ̀ pé kó tó sáré wá. Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi kan gba orí rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì ní ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì ń ké píì, píì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tì í, mo rí i tí àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò dúró. Ó kàn dúró ni. Kò jà, kò sunkún, ojú rẹ̀ ò yí padà. Ẹ̀rọ náà figbe ta. Nọ́ọ̀sì kan rìn wá, kò tilẹ̀ sáré, ó fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ náà sì tún mí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn tí oṣù wọn ò pé máa ń gbàgbé láti mí nígbà míì. Bàbá, ṣé èémí náà ni èèyàn ń gbàgbé?

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n fi ní ó ti kọjá ìyẹn, ó ti ń mí bó ṣe yẹ, kí n máa gbé e lọ sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n mú ẹ̀rọ wọn dání.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin ṣe lọ. Ẹ jókòó sórí àga yín ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàtẹ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ fi fìlà bojú bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí oorun bá ń kùn yín. Áńpú mọ́sálásí kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, wà lórí tábìlì, ẹ ti tún un ṣe, ẹ tan rédíò sí i kó máa ké lọ kí ẹ lè mọ̀ bóyá yóò gbóná. Rédíò ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń kọjá, kẹ̀kẹ́ ń fọn họ́ọ̀nù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìgbà tí èémí yín dúró, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti òdìkejì títì mọ̀ pé spíkà ẹnìkan fẹ́ ya. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ọ. Ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ pe ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí gbogbo ilé ń pariwo Babátúndé, Babátúndé, èmi náà ṣe àmín. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá ẹbí jiyàn? Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tó ti lọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà. Dúrótìmí ni mo ń pè é, mo sì máa ń pè é sí etí rẹ̀ nìkan, kí Màámi má baà gbọ́.

Ẹ rántí bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣe pọ̀ tó ládùúgbò wa. Bí mo bá ti kúrò nínú yàrá, mi ò lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún abiyamọ, ẹkún ni wọ́n ń gbọ́, ọmọ tí mò ń bẹ̀rù fún kì í sì í ṣe èyí tó ń sunkún. Bàbá ọmọ ń ṣiṣẹ́ lórí omi lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀ kó tó wálé. Bí mo ṣe ní kí Màámi bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ yín wá láti Ìkàtẹ́ nìyẹn. Irin tí ẹ fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ẹ so mọ́ ìdí rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó tú u.

Mo mú idẹ pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí ẹ máa ń yọ nínú nǹkan ìṣeré tó ń ké, tí ẹ fi ń lẹ̀ mọ́ ìdí gìtá fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí nǹkan bá kàn án, iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ á jáde lára rẹ̀, díẹ̀ báyìí. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ fóòmù níbi tí ẹ̀yìn ọmọ máa ń wà. Mo jó transístọ̀ kan tó ń gbé ohùn sókè àti àwọn rẹ̀sísítọ̀ mélòó kan tó ń dín iná kù pọ̀, mo fi bátìrì kékeré sí i, mo ki íyápíìsì bọ etí. Bí mo bá gbá fóòmù, ó ń dún kó. Ṣùgbọ́n èémí ọmọ náà, mi ò gbọ́ ọ rárá. Ó ń mí lójú mi, àyà rẹ̀ ń gbéra, etí mi sì gbẹ.

Ẹnu. Ohun tí mo gbàgbé nìyẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má tíì wo bí transístọ̀ ṣe lè pariwo tó, kí n kọ́kọ́ wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe tóbi tó. Àwọn oníwèé ní orúkọ gígùn fún un, wọ́n ń pè é ní ínpúùtì ìmpídánsì, ẹ̀yin sì máa ń pe orúkọ náà tán kí ẹ tó fi ọwọ́ lé e dànù. Ẹ ní áńpú tí ẹnu rẹ̀ bá tóbi máa ń mu nínú ohùn kó tó gbé ohùn náà sókè. Bí ẹni tó gbé ohùn wá bá lágbára, kò sí wàhálà, yóò mu, yóò sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ aláìlágbára bí idẹ pẹlẹbẹ yìí, yóò mu ún tán. Ẹ ní ó dà bí ìgbà tí ọmọdé gbé ẹ̀kọ ṣíbí kan fún àgbàlagbà kó bá òun tọ́ ọ wò, tí àgbàlagbà gbé e mì, tó wá ń béèrè pé ẹ̀kọ dà. Ẹ máa ń fi ìka tútù kan ẹnu áńpú tí ẹ bá ń sọ ọ́, yóò ké hùn-ún, ẹ̀yin á ní ó ti jí.

Mo tú iṣẹ́ náà palẹ̀. Mo yọ kapasítọ̀ tó ń jẹ́ kí ohùn yẹra fún rẹ̀sísítọ̀ ẹsẹ̀ transístọ̀, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ti rí ìdènà, ẹnu á kéré sí i. Mo fi transístọ̀ mìíràn síwájú, mo gba ohùn rẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í sọ ohùn di ńlá. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fi pẹ̀lẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ aláìlágbára, kó wá fi agbára tirẹ̀ gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Mo sì pààrọ̀ rẹ̀sísítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sí èyí tó ga jù nínú àpótí yín, torí àwọn náà ń mu níbẹ̀, èèyàn kì í fura sí wọn ni. Mo jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán. Nígbà tí mo ki íyápíìsì bọ etí, mo gbọ́ ọ. Fùù. Fùù. Fùù. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo pè yín lórúkọ.

Mo na wáyà náà láti abẹ́ fóòmù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí dé kíṣìnì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dáná pẹ̀lú íyápíìsì létí, mò ń fọṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Màámi ń wò mí bí ẹni wo wèrè. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ yìí ló fẹ́ máa bá a mí ni? Jọ̀ọ́, lọ sùn díẹ̀, eye-bag rẹ ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo ti íyápíìsì náà wọlé dáadáa. Èémí ọmọ mi ń lọ geere, kò yá jù, kò falẹ̀, kò sinmi. Mo gbéraga nítorí rẹ̀, Bàbá. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé ọmọ wa ń mí ju àwa méjèèjì lọ. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, oúnjẹ tún dùn lẹ́nu mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màámi lọ kí àbúrò wọn ní Jakande. Ọmọ ń sùn. Mò ń dín dòdò, èémí rẹ̀ wà létí mi. Èémí náà bá dúró.

Mo dúró kí ó tún mí. Kò mí. Bátìrì ló wà lára ẹ̀rọ mi, bátìrì tuntun, nítorí náà mi ò lè tan ara mi jẹ pé ẹ̀rọ ló kú. Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò ní kíṣìnì. Mo dé ibùsùn, mo rí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀ díẹ̀, mi ò dúró wo àyà rẹ̀, mo já a gbà sókè, mo fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, mo tún ta á. Ọmọ náà fi igbe bọnu. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bínú sí mi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó dùn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń pè ní àpètúnpè, mo sì gbé e lé èjìká.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé wọ́n ti mú iná lọ. Mo ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ẹ́sítéètì gbà á. Gílóòbù tàn. Fáànù òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Íyápíìsì ṣì wà létí mi. Mo sì gbọ́ ọ. Fùù. Fùù. Fùù. Ọmọ mi wà léjìká mi, ó ń sunkún. Ibùsùn náà ṣófo, ó sì ń mí.

Bàbá, mi ò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kódà ọjọ́ tí wọ́n wá pè mí sí ṣọ́ọ̀bù nítorí yín kò tó o.

Fáànù ni. A máa ń fi í sí ibi tó falẹ̀ jù kí òtútù má baà mú ọmọ, ó sì ti tẹ̀, bí apá rẹ̀ bá ti kọjá lórí ibùsùn, yóò fẹ́ atẹ́gùn lu fóòmù, yóò sì dákẹ́, yóò tún fẹ́. Wáyà tí mo nà mọ́ ògiri náà sì kọjá lẹ́bàá wáyà iná, ó ń gba ìkùnsínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi. Ẹ ní bí ẹnu áńpú bá ṣe ń kéré sí i ni etí rẹ̀ ń mú sí i, kò ní mọ ẹni tó pè é àti ẹni tí kò pè é, gbogbo ohun tó bá ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà ló máa wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi wáyà lásán ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wáyà tí wọ́n fi àwọ̀n irin bò lẹ máa ń lò, ẹ sì máa ń so àwọ̀n náà mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ, níbi tí ariwo ti ń ṣàn dànù. Èmi lo wáyà bẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù nílé, torí mò ń kánjú. Bí èémí ọmọ náà bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ó wà lábẹ́ ariwo fáànù, mi ò gbọ́ ọ rí.

Ẹ bá mi rò ó wò. Bó bá jẹ́ pé ó ti dákẹ́ lóòótọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn ńkọ́? Fáànù ì bá máa mí lọ. Èmi ì bá máa dín dòdò.

Nígbà tí Màámi dé, wọ́n bá dòdò tó ti di èédú, wọ́n bá mi nílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà. Mo rò pé wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé ìwọ nìkan lò ń ṣọ́ ọ ni? Tó o bá ti wọ balùwẹ̀ báyìí, èmi náà á sáré lọ gbé etí sí i láyà. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo ní wọ́n ń sùn, mo rọra jáde kí n má jí wọn."

Mi ò gbọ́ èyí rí. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ọmọ náà ní Bàbá ní gbogbo ìgbà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé a rí wọn ni. Wọ́n lọ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ti báyìí, mi ò ní í yé pè wọ́n. No be say I dey play o."

Bàbá, àti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè bínú sí wọn mọ́ tí wọ́n bá kúnlẹ̀ láàárọ̀.

Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe. Mo gé wáyà máíìkì kan nínú ẹrù yín, èyí tó ní àwọ̀n. Mo kó transístọ̀ àkọ́kọ́ sínú agolo mílíìkì, mo gbé e sún mọ́ idẹ pẹlẹbẹ náà kí ọ̀nà má baà jìn, mo so agolo mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ. Mo dín rẹ̀sísítọ̀ ẹnu ọ̀nà kù díẹ̀, kí etí ẹ̀rọ náà mú débi tó yẹ nìkan. Mo pa fáànù, mo tún tàn án, mo gbé ọmọ kúrò, mo tún gbé e padà, títí ó fi dá mi lójú. Bí ibùsùn bá ṣófo, ó ń dákẹ́. Bí ó bá dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń gbọ́ báyìí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Èémí ọmọ mi gangan kò dà bí ti fáànù. Ó kéré, ó dà bí ẹni ń ya bébà lójú ọ̀nà jíjìn. Yóò sáré díẹ̀, yóò falẹ̀, yóò wá dúró. Nígbà tó bá dúró, mi ò ní mí. Yóò sì tún fà á bí ẹni tó rántí nǹkan. Mo gbé e padà lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ ìkókó ń mí, ìdúró kékeré bẹ́ẹ̀ kò léwu, bí ó bá pẹ́ jù tàbí tí ètè rẹ̀ bá yí àwọ̀ ni kí n sáré wá. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́ títí tó fi tún máa dúró. Nígbà míì, ti fáànù yẹn máa ń wù mí, kì í gbàgbé.

Mò ń kọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oòrùn àárọ̀ ti wọlé, Màámi ń po ògì. Mo ti yọ íyápíìsì lẹ́ẹ̀kan, mo tún ti fi í sétí. Láìpẹ́ mo gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́, kí n máa so intakọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ẹni tó wà ní géètì sọ̀rọ̀, mọ́ ògiri àwọn ilé ńlá ní Lekki, kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún etí Màámi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ̀rù bà yín báyìí nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ò sì lè dá mi lóhùn.

Ó dúró báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ó ti mí.

Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú ti Màámi àti tèmi. Bó bá jẹ́ pé ọ̀run lẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wá ojú ọmọ yìí, ẹ má pè é, bó ti wù kí àárò wa sọ yín tó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí tí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àyà, mo bẹ̀ yín, a ti rí yín, a ti gbọ́ yín. Níbi yòówù tí ẹ bá wà, Bàbá mi, ẹ dúró síbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí etí rẹ̀ ò sùn.